Abẹ́rẹ́ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Sódì

“Mo ti tì í bọ inú yìnyín! Kí lo rí?”

Ohùn Olúgbénró bú jáde nínú tẹlifóònù láti ìdí ààrò ńlá. Láídé, ìyàwó rẹ̀, tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí ìwọ̀n ooru lára ògiri yàrá ìdarí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, orí ọgbọ̀n ló wà, ooru ọ̀sán Èkó gan-an, inú gbogbo wọn sì dùn. Báyìí, ó ń gòkè. Ó gòkè títí ó fi dúró sórí ọgọ́ta.

“Ó ń lọ sókè.”

“Nínú yìnyín?”

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, tó dúró lẹ́yìn Láídé, mí kanlẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì wọn ní Ọgbà ti wà ní títì láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí àwọn òyìnbó tó ni ín sì kó ẹrù wọn lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: bí ààrò ńlá náà kò bá yan bisikíìtì lónìí, òun á tú u tà. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè tan iná láìsí tiransímítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ọ̀pá irin kan ka ooru inú ààrò, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí yàrá ìdarí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu géètì, wọ́n ń yọjú.

Ohun kan wà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Olúgbénró ń retí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. “Bí tòní bá forí ṣánpọ́n, mo lọ nìyẹn,” ló sọ fún Láídé láàárọ̀, láìwo ojú rẹ̀.

“Ẹ tì í bọ omi gbígbóná, Bàbá Ṣèyí.”

“Omi ń hó gùdùgùdù. Ó ti wọlé!”

Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀. Ó kọjá ọgbọ̀n, ó kọjá òdo, ó lọ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá.

“Ó ti kú,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà wí. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

“Ẹ dákun sà, ẹ má tíì lọ.”

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òkú kì í rìn, Láídé rò ó. Èyí ń rìn. Wọ́n fún un ní òtútù, ó pè é ní ooru. Wọ́n fún un ní ooru, ó pè é ní òtútù. Kò kú, ṣe ló ń sọ̀rọ̀ sódì! Òun ló so wáyà méjì tó ti ara ọ̀pá náà wá lánàá, pupa àti funfun. Pupa ló fi sójú àmì ìròpọ̀, bí ẹni ń so wáyà iná. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe wáyà yìí, àmì ìyọkúrò sì ni pupa lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n kọ́ wọn ní èyí nílé ẹ̀kọ́ ní Yábàá, òun àti Olúgbénró, nínú kíláàsì kan náà.

“Gbénró!” Kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ṣèyí. “Èmi ni mo ṣì í so! Gbé pupa síbi funfun, kó o gbé funfun síbi pupa!”

Láídé gbọ́ ìró irinṣẹ́ bí ó ti ń pààrọ̀ wáyà. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá.

“Yìnyín rè é!”

Abẹ́rẹ́ rọra sọ̀kalẹ̀, ó bà sórí òdo.

“Omi gbígbóná rè é!”

“Ó ń bọ̀... ó ń bọ̀... ọgọ́rùn-ún! Gbénró, ọgọ́rùn-ún gééré!”

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà gbàgbé pé ọ̀gá lòun, ó fò sókè.

Wọ́n ti ọ̀pá náà bọ inú ààrò, wọ́n tan iná. Nígbà tí oòrùn yí, òórùn bisikíìtì ti kọjá géètì, ariwo àwọn òṣìṣẹ́ sì gba gbogbo àdúgbò kan. Olúgbénró wọ yàrá ìdarí, òógùn bò ó. Ó dúró ti Láídé, ó ń wo abẹ́rẹ́.

“Ààrò kejì yẹn,” ló wí, “irú wáyà yẹn náà ló wà lára rẹ̀. Tá a bá fẹ́ so ó lóṣù tó ń bọ̀, funfun la máa kọ́kọ́ mú.”

Láídé yíjú wò ó. Olúgbénró ti ń fi ìka ya ọ̀nà tí wáyà máa gbà sára tábìlì. Kò dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù, kò sì tíì mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Láídé kò sì sọ ọ́ fún un.