Ọ̀ọ́dúnrún Mítà Tí Páálí Ṣèlérí

Páálí ráútà tó ń pín wáífáì nínú ilé wọn ní agbára rẹ̀ dé ọ̀ọ́dúnrún mítà. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá péré ló dé yàrá òkè tí Tiwaladé jókòó sí, síbẹ̀ àmì róbótó kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò dúró. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Aago mẹ́wàá ni yóò ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì láti ilé. Òfin ìdánwò náà ni pé inú yàrá tó ní ilẹ̀kùn ni kó wà. Bí wáífáì bá sì já lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Dádì Ṣọpẹ́, ṣé ó ti ń ṣe?" ó ké látòkè. "Please o, àyà mi ti ń já!"

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i."

Akíndúró ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti Dagenham Dock, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni, kò tíì bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ. Títú wò ló fi mọ̀ ọ́n. Ó wá lẹ́tà tín-ín-rín ìdí páálí rí: pápá gbalasa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, láìsí ohunkóhun láàárín.

"Ta ló ń gbé inú pápá ní àdúgbò Becontree yìí?" ó kùn.

Ó fi fóònù wọn agbára wáífáì náà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń rọ. Lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó gbé ráútà sí lánàá, ogójì. Ní yàrá òkè, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin: kò ṣeé lò. Ó sáré bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ń ka ìṣísẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ ogún, ọgọ́ta péré.

Ó dúró gbagidi. Ògiri bíríkì méjì ló wà láàárín ẹ̀yìn ilé àti ráútà. Pákó lásán ló wà láàárín ráútà àti yàrá òkè. Kí ló dé tí ibi tó jìnnà fi sàn ju ibi tó sún mọ́ lọ? A jẹ́ pé nǹkan wà lórí ráútà.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́jọ ló tò sórí pẹpẹ tó wà lókè ráútà gan-an.

"Mọ́mì!"

Ìyá Tiwaladé ti kíṣìnì jáde nínú aṣọ funfun ìjọ wọn. "Èmi ni mo tò ó síbẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ló ń gba inú nǹkan yẹn wọlé. Mo fi omi àdúrà ṣe òrùlé fún un."

"Mọ́mì, omi máa ń gbé wáífáì mì ni."

"Omi tí a fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ lé lórí? Bàbá Ṣọpẹ́, omi àdúrà kì í dí ọ̀nà, ó ń la ọ̀nà ni!"

Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Akíndúró na fóònù sí Mọ́mì. "Ẹ lọ dúró lẹ́nu yàrá Tiwa, Mọ́mì. Ẹ máa pe nọ́ńbà fún mi. Màá gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò. Bí kò bá yí padà, màá dá gbogbo rẹ̀ padà fúnra mi."

Mọ́mì gba fóònù náà. "Kọ́kọ́ bọ́ bàtà yẹn kí o tó fọwọ́ kan omi mímọ́."

Okùn bàtà takókó. Ó já a, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì méjì àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Méjìlélọ́gọ́rin!" Mọ́mì pè látòkè. Ó ń gbé ìyókù kúrò ní méjìméjì. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Àádọ́rin! Háà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Tiwa, ó ń sọ̀ o!"

Tiwaladé ti ilẹ̀kùn. Mọ́mì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n di fóònù mú bí ẹyin. "Ó ti di mẹ́tàdínláàádọ́rin," wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ló tún dé?"

"Ẹ rọra fara ti ògiri, Mọ́mì. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn."

Mọ́mì fara mọ́ ògiri, wọ́n fa ikùn wọlé, wọn kò sì mira. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tiwaladé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ara rẹ̀ fún olùdánwò, ohùn rẹ̀ kò já.