Àwọ̀n Tí Kò Ṣeé Já

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ mi ní Ìbà, Akọ̀wé ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, kódà bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Ó ń gbé síléètì lọ sílé ìwé nígbà náà, mo bá fún un ní orúkọ tó wù mí, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé dáadáa.

Nígbà tí ọkọ mi kú, oko ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè pè ní tèmi, lẹ́yìn Ìbà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sí àbàtà. Yunifásítì ti dé ìtòsí wa, ẹni tó bá ti ní ilẹ̀ ti di èèyàn ńlá. Ní ìpàdé ẹbí ọdún 1988, Akọ̀wé dìde, ó ní ilẹ̀ tí kò bá mú nǹkan jáde, kí ẹbí gbà á padà. "Àlàbí, jókòó," ni Bàbá olórí ẹbí sọ fún un, ó ní kí wọ́n fún mi ní ọdún kan. Bí ẹ̀gẹ́ bá ta dáadáa, ilẹ̀ di tèmi àti tàwọn ọmọ mi. Bí kò bá ta, kí n kẹ́rù mi padà sílé bàbá mi. Ilé bàbá mi wo? Bàbá mi ti kú, ilé sì ti wó.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìpàdé yẹn tí ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko mi. Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, onírun líle, eléyín gígùn. Wọ́n á fi imú tú ebè, wọ́n á jẹ ìdajì, wọ́n á tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Èmi Mọ́nsúrátù tí n kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ wá ń fẹnu kan oúnjẹ mi. Mo bú wọn títí, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá.

Akọ̀wé ṣàánú mi. Ó gbé àwọ̀n ẹja ọlọ́ràá kan wá fún mi láti Ọ̀jọ́. "Ìyàwó, èyí ti tó," ó ní. "Ó fúyẹ́, obìnrin lè gbé e."

Ọ̀rọ̀ obìnrin lè gbé e yẹn ló bí mi nínú. Mo ká àwọ̀n náà sínú àpò, mo wọ mọ́tò ní Okokomaiko, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Ọdúnayọ̀ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, apẹja àtijọ́ tó ń hun àwọ̀n fún àwọn ọdẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àwọ̀n Akọ̀wé, ó já.

"Ta ló fún yín ní èyí? Ẹni yẹn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mú nǹkan kan."

Mo rò pé ó kàn ń polówó ọjà rẹ̀ ni. Ó fi òmíràn hàn mí, olókùn àpò, ó ní ó lágbára, ṣùgbọ́n òjò méjì péré ní àbàtà, á jẹrà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá gbé ọ̀kan jáde láti abẹ́ bẹ́ǹṣì, dúdú, ó wúwo. Okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun ló tú, tó tún lọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi hun ún.

"Ẹ wo ojú rẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ ọmọdé lè kọjá, imú ìmàdò ò lè kọjá. Bí imú rẹ̀ bá fi lè wọ̀ ọ́, eyín rẹ̀ á ṣe ìyókù. Igi tútù ni kẹ́ ẹ so okùn ẹnu rẹ̀ mọ́, igi tó lè tẹ̀. Bí ẹran bá ṣe ń fà á lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọ̀n á máa fún. Bó bá padà sẹ́yìn síbi igi, á dẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmàdò ò mọ ẹ̀yìn-pípadà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àwọn èèyàn kan náà ò mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀bẹ ńkọ́?"

"Ọ̀bẹ á pẹ́ lórí rẹ̀."

"Irú rẹ̀ ni mò ń wá," ni mo wí.

Felicia, ọ̀rẹ́ mi onígbàgbọ́ tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tèmi, ló ń bá mi dẹ ẹ́. Àdéhùn wa ni pé òun á máa fọwọ́ kan àwọ̀n, òun á sì máa kó ẹran lọ. Láàárín oṣù kan ó ti mú mẹ́ta. Síbẹ̀ ìmàdò ò dín kù. Bí a ti ń mú èyí ni òmíràn ń dé, ó sì sú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Felicia lọ sí ìsọjí, èmi ni mo dá lọ wo àwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ kan ti já bọ́ lórí ẹ̀ka. Mo ní kí n fi igi gbé e padà, kí n má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ mi kọ́ okùn. Mo forí wọ inú àwọ̀n, mo yí gbirigbiri lọ sínú kòtò tó wà nísàlẹ̀, nítòsí igi àgbọn kan, ẹnu rẹ̀ sì fún mọ́ mi lẹ́yìn. Àdá mi wà lókè lọ́hùn-ún.

Mo jà. Bí mo ti ń jà ni àwọ̀n ń ká mi kò, tí orúnkún mi fi kan àgbọ̀n mi, òórùn ẹlẹ́dẹ̀ sì gba imú mi kan. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò ní ibi tí mo lè lọ nílé, mi ò tún wá ní ibi tí mo lè lọ lóko. Mo bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Akọ̀wé lókè. Inú mi dùn, mo ti la ẹnu láti pè é, kí ohùn àlejò kan tó dáhùn.

"Ìyàwó yẹn ńkọ́? Mi ò fẹ́ wàhálà lórí ilẹ̀ tí mo bá rà."

"Kò ní pẹ́ lọ," Akọ̀wé ní. "Ìmàdò ń bá wa lé e. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mò ń da agbọ̀n ẹyìn sí ìdí àgbọn yìí, òórùn rẹ̀ ló ń pè wọ́n wá. Àwọ̀n tó máa já ni mo fún un, ó lọ wá òmíràn, olórí kunkun. Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ n ó tún da òmíràn."

Mo pa ẹnu dé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìbà, wọ́n á sọ fún yín pé mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Kí wọ́n má bàa rí i pé koríko ń mì, mo rọra ń fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, lọ sókè síbi ìdí igi. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Nígbà tí ohùn wọn fi jìnnà, ẹnu àwọ̀n ti tó orí mi í kọjá. Mo jókòó sílẹ̀. Ká ní àwọ̀n tí Akọ̀wé fún mi ni, ǹ bá ti fà á ya lójú kan náà, ǹ bá ti wà nílé tí mò ń wẹ̀, ǹ bá má ti gbọ́ ohun kan.

Felicia dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín pé mo wọ àwọ̀n ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìyókù, ó tún ìró rẹ̀ ró. Àwa méjèèjì la jọ gbé àwọ̀n lọ sí ìdí àgbọn, mo fi ọwọ́ ara mi kàn án. Mo wá lọ bá Bàbá olórí ẹbí, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá wo ẹran tó ń jẹ oko mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

A ti ń gbọ́ igbe kí a tó débẹ̀. Akọ̀wé wà nínú kòtò, ó ká kò, ẹyìn tú sí i lára, agbọ̀n dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, tú mi sílẹ̀."

"Ẹ rọra fà sẹ́yìn, á dẹ̀," ni mo wí fún un. Kò gbọ́. Ó ń tiraka síwájú, àwọ̀n sì ń fún un.

Bàbá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dúró ní ọ̀nà jíjìn, ó ń ṣẹ́jú. "Mọ́nsúrátù, kí lo mú? Ṣé ìmàdò ni?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ebè mi.

"Rárá, Bàbá. Àlàbí ni."