Ẹni Tí Kò Lè Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé o, Bàbá mi."

Bàbá tún di ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé tó ti tì mú, ó mì ín, ó tẹ́tí sí i bí ẹni pé ilẹ̀kùn fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò kò ṣàdéédé máa pè é ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jókòó sínú mọ́tò, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ní agogo mẹ́wàá ni yóò lọ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́rin níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nípa ìhùwà ẹ̀dá ni ìwádìí náà: bí àníyàn èèyàn bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa padà lọ yẹ nǹkan wò tó. Gbogbo ẹni tó kà á ló ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àfi ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì. Ìyẹn ní kó lọ fi ìṣirò kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí èèyàn lè mójú kúrò níbi tó kù díẹ̀ káàtó, kọ̀ǹpútà kì í mójú kúrò. Ọmọ náà dá ẹnì kan, tí kì í ṣe èèyàn gidi, sínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ó fún un nílé, ó fún un ní àníyàn. Láti àná, ẹni náà ò tíì jáde. Kò jẹ, kò mu, ilẹ̀kùn ló ń mì. Ọ̀gá sì ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé bí kò bá jáde, òun ò ní buwọ́ lùwé ìwádìí náà.

Ọmọ náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo bàbá rẹ̀. Ó ti kọ ohun tó ń mú èèyàn padà sẹ́nu ọ̀nà. Kò kọ ohun tó ń jẹ́ kó lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí Màmá wà láyé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Kí ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?"

"Ìyá rẹ á ní, 'Mo rí i, ó ti tì.' Ó parí nìyẹn. Mi ò gba ojú ara mi gbọ́ rí. Ojú tiẹ̀ ni mo gbà gbọ́."

Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin, kò bi í rí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹnì kejì kún ilé inú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dín àníyàn kù. Ẹni àkọ́kọ́ yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀kan, ó jáde. Yóò sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé àbá ni, òun ò tíì dán an wò lára èèyàn.

Bàbá tún na ọwọ́ sílẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, wọ́n jọ mì ín.

"Mo rí i, Bàbá. Ó ti tì."

Bàbá lọ wọ mọ́tò, kò sì wẹ̀yìn.