Làálì Ọwọ́ Àfáà

Ìgbà kejì rèé tí ẹ̀rọ mọ ọwọ́ àtọwọ́dá tí kò wúlò fún Àfáà Lùkúmàn. Ẹ̀yìn ni àwọn ìka rọ́bà náà ń ká sí, bíi ti ẹni tó ń ti nǹkan dànù. Hàfísátù, ọmọ rẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí tábìlì, ó sì sunkún.

Ọmọ Ìlọrin ni Àfáà, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Wadata, àdúgbò kan lẹ́yìn odi. Ẹ̀rọ ìlọta ló gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà kò kọ wàláà mọ́, ó ní òun ò ní fi òsì kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láéláé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ kéwú ń gba ibòmíràn lọ. Ó ku mẹ́rin.

Kirkissoye, àdúgbò mìíràn nílùú náà, ni Hàfísátù ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ìdìbò ń bọ̀, ìlú ń gbóná, àwọn òyìnbó sì ti ń dirù. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rọ á wọ ọkọ̀. Rọ́bà tó kù kò ju ti ọwọ́ kan lọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le létí. Ẹ ya ọwọ́ òsì Àfáà yípo, kí kọ̀ǹpútà yí i sí ọ̀tún bí ìgbà téèyàn wo dígí, kó wá fi wé ọwọ́ àwòṣe kan tí oríkèé rẹ̀ ti pé, kí ibi gbogbo lára èyí bá ojúgbà rẹ̀ lára ìyẹn pàdé. Àmọ́ òpè ni kọ̀ǹpútà. Bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibì kejì lórí awọ ló ń wọ̀n. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ì báà gba àtẹ́lẹwọ́, ì báà gba ẹ̀yìn ọwọ́, bákan náà ni. Ló bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn.

Bí Hàfísátù ṣe ń nu ojú ló rí làálì tó lé sọ́wọ́ nígbà ìgbéyàwó Mọ́rìlíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ pupa, ẹ̀yìn ọwọ́ kò pupa. Ẹ̀rọ kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀. Bó bá lé làálì sí àtẹ́lẹwọ́ Àfáà, tó kun ti àwòṣe ní pupa, tó sì ní kí pupa wá pupa lọ, ó parí.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Gbogbo Wadata ló mọ̀ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó Àfáà, àwọn Hausa aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó lé làálì bí ọkọ ìyàwó tiwọn ti ń ṣe, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí làálì lọ́wọ́ òun, kí wọ́n mọ̀ pé orí òun ti yí.

Hàfísátù kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. 

"Hàfísátù, ọwọ́ kan ló kù fún mi. Ṣé ìyẹn náà lo fẹ́ sọ di yẹ̀yẹ́?"

"Bàbá, bí rọ́bà yìí bá tán, mi ò mọ ibi tí mo tún lè gbé yín lọ mọ́."

Àfáà wo àwọn ọwọ́ méjèèjì tó wà lórí tábìlì. Ó na òsì rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Hàfísátù lé làálì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e. Nígbà tó mú, wọ́n ya ọwọ́ náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó mọ ọ́n dilẹ̀ mọ́. Hàfísátù kò lè jẹun, kò lè sùn. Nígbà tí awakọ̀ tó wá kó ẹrù ń fọn fèrè ní àárọ̀, ó tẹ ìka rọ́bà náà wò. Inú ló ká sí.

Ní Wadata, ọmọ kéwú mẹ́rin jókòó. Ọ̀kan rí àtẹ́lẹwọ́ pupa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu. Àfáà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó fi kálámù sáàárín ìka rọ́bà, ó tì í bọ inú yíǹkì tàdáwà, ó sì kọ Bisimilà. Ó wọ́ játijàti bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Ojú ti Hàfísátù débi pé kò lè wò ó.

Àfáà da omi sí wàláà náà, ó fọ tàdáwà rẹ̀ sínú ife bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéwú, kó lè mu ún. Ó gbé ife náà sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Gbà, mu ún," ó ní. "Èmi lọmọ kéwú lónìí, ìwọ lo kọ́ mi, ìwọ lalùbáríkà rẹ̀ tọ́ sí."

Hàfísátù fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì mu ún tán.