Àwọn Eku Wádìí Ìdílé Mi

Gbadé, jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo lá a lóru àná pé mo lọ tọrọ ọmọbìnrin fẹ́ lọ́wọ́ àwọn eku funfun tí mò ń tọ́jú ní láàbù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ̀fun pákó. Ìyá àgbà wọn, tó wọ awò ojú mi, ní àwọn á kọ́kọ́ wádìí ìdílé mi.

Mo dárúkọ bàbá mi àti bàbá bàbá mi. Ó ní kí n máa bá a lọ. Mo tún padà sórí bàbá mi.

Ó ní, “Ogún ìran wa ló wà nínú káàdì ara kéèjì, àgò tí à ń gbé. Okùn àjogúnbá inú ara tiwa já níbì kan, èyí tó já sì lọ lẹ̀ mọ́ okùn mìíràn. A kọ ọ́ síbẹ̀, a ò fi pamọ́. Ta ló ya wèrè nílé tiyín?”

Mo ní, “Kò sí o, mà.”

Kíá ni àbúrò bàbá mi tí a kì í dárúkọ nílé jáde látinú àpò ṣòkòtò mi, ó ń darí mọ́tò tí kò sí níbẹ̀. Ni wọ́n bá tì mí mọ́ kéèjì, wọ́n há káàdì mọ́ ọn pé: A KÒ MỌ ORÍSUN RẸ̀.

Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Òógùn ni mo fi jí. Àmọ́ lánàá tí mò ń fọ kéèjì, káàdì méjì bọ́ sómi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti kéèjì wo mọ́, mo sì kàn há wọn padà bó ṣe wù mí.

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá wa pè mí tayọ̀tayọ̀, pé òun rí ohun tẹ́nì kan ò rí rí lára àwọn eku inú kéèjì méjì yẹn.

Mo ní, “Ẹ kú oríire, sà.”