Àpò Pàǹtí Mọ́kànlá

Àlàájì Mùnírù, onílé wa ní Mafoluku, kì í pariwo. Bí ó bá ti pinnu nǹkan, ohùn jẹ́jẹ́ ni yóò fi sọ ọ́, yóò sì máa ka tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Bí ó ṣe sọ tèmi náà nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Ògúnjìmí, tí omi ò bá tíì wọ inú táńkì yẹn kí wọ́n tó pe ìrun Àílà ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé, jọ̀ọ́, gbé irin rẹ kúrò lẹ́yìn ilé mi."

Irin tí ó ń sọ ni ìléru mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é, n kò sì ní ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Bí ó bá kúrò lẹ́yìn ilé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń lọ.

Wẹ́dà ni mí. N kò lọ sí yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n mo ra ìwé àlòkù kan ní Òṣòdì tó ṣàlàyé bí àwọn èèyàn kan ṣe fi gáàsì inú igi wa mọ́tò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n wọn. Mo ka ìwé náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya. Ohun tó kọ́ mi kò le. Bí o bá sun pàǹtí ní gbangba, iná a jẹ ẹ́ tán, èéfín a fọ́n ká, ó parí. Ṣùgbọ́n bí o bá há iná náà mọ́ inú irin, tí o ń fún un ní atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, tí èédú ìsàlẹ̀ sì pọ́n títí ó fi fẹ́ di funfun, èéfín tó bá gba àárín èédú yẹn kọjá ti di gáàsì tó lè jó. Jẹnẹrétọ̀ lè mu ún bí ó ṣe ń mu bẹntiróòlù. Ọwọ́ ooru ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ooru bá lọ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èéfín lásán ni wàá rí.

Sílíńdà gáàsì àlòkù méjì ni mo gé pọ̀ tí mo fi ṣe ìléru náà. Fáànù kékeré tí bátìrì mọ́tò ń gbé ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí. Láti ibẹ̀, páìpù gígùn kan gbé gáàsì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo kó lẹ́búlẹ́bú pákó sí láti sẹ́ ẹ, kó tó wọ ẹnu jẹnẹrétọ̀. Ìta gbangba ni mo to gbogbo rẹ̀ sí, torí gáàsì náà lè pa èèyàn bí ó bá wọ yàrá. Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú, mo fi àfọ́kù pákó gbígbẹ dán an wò, jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ mi sórí ìjókòó, adìẹ jẹ ẹ́.

Tiransífọ́mà àdúgbò ti jó láti bí oṣù kan, pọ́ǹpù kànga wa dákẹ́, owó bẹntiróòlù ju agbára wa lọ, omi gálọ́ọ̀nù la sì ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣèlérí omi fún Àlàájì. Yàrá méjìlá ló wà nílé wa, mo sì lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ bá mi tọ́jú pàǹtí yín di Sátidé. Èèpo iṣu, ṣùkù àgbàdo, páálí, ọ̀rá píọ́wọ́tà, mo fẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà yọ ìgò, agolo, bátìrì àti páìpù rọ́bà kúrò."

Mo rò pé mo ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Gbogbo wọn gbà, àfi Àlàájì. Ó ní òun ò lè kó ohun tí òun jẹ kù lé wẹ́dà lọ́wọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, àpò mọ́kànlá ti dúró níwájú ìléru. Mo gbé èkínní, ó wúwo. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ohun tó ń mú èèpo iṣu wúwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ti yá jù. Mo dáná èédú, mo tan fáànù. Nígbà tí ìdí irin pọ́n, mo da odindi àpò kan sí i láti òkè, mo sì dé e.

Èéfín jáde lẹ́nu páìpù kékeré tí mo fi ń dán gáàsì wò. Ó funfun, ó sì nípọn. Mo ṣáná sí i, iná kú. Mo tún ṣáná, ó tún kú.

"Bọ̀dá Ẹnjiníà!" Olúfọlákẹ́ ló pè mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ló ti ń tún ilẹ̀ ṣe, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Ṣé mọ́ínmọ́ín lẹ ń sè níbẹ̀ yẹn ni? Tó bá jinná, ẹ má gbàgbé mi o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo tú àpò kejì wò. Èèpo iṣu tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ju iṣu tí èmi fúnra mi ń jẹ lọ. Wọ́n ti ká ọ̀rá píọ́wọ́tà ní méjì-méjì, omi ń kán lára wọn. Ṣùkù àgbàdo ń dán. Mo gbé ọ̀kan símú. Ọṣẹ ló ń rùn.

"Ìyá Nafeesah," mo ní, "ta ló fọ pàǹtí?"

Ìyá Nafeesah ni àgbà obìnrin ilé wa, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi jáde. "Gbogbo wa ni. A ṣèpàdé lé e lórí lánàá."

"Ẹ ṣèpàdé kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá Tamílọ́rẹ!" Orúkọ ọmọ mi ló máa ń fi pè mí. "Kí èèyàn kó èérí ilé rẹ̀ sápò, kó gbé e fún ọkùnrin pé kó máa tú u wò lójú gbogbo ayé? Ta ló ń ṣe irú ìyẹn? Mo ní kí kálukú fọ tirẹ̀. Ìyá Mardiyah tiẹ̀ ṣan tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Omi wo lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Omi gálọ́ọ̀nù tí a rà ni."

N kò lè bínú. Omi tí à ń wá ni wọ́n fi fọ ohun tí mo fẹ́ fi wá a.

"Ìyá wa," mo ní, "omi yẹn ló ń pa iná. Gbogbo ooru tó yẹ kó sọ pàǹtí di gáàsì, orí àtigbẹ omi ló ń parí sí."

Ó káwọ́ lérí. "Yéè! A ti bà á jẹ́ fún wọn!"

Àlàájì yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo èéfín funfun náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bàlúù kan ń sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé wa, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn gbogbo wa mọ́lẹ̀ títí ó fi kọjá. "Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀," ni Àlàájì wí, ó sì padà sínú ilé.

Oṣù Keje ni, ojú ọ̀run ṣú, kò sí oòrùn tí a lè fi sá nǹkan. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tútù lọ́wọ́. Ẹ̀kán omi kan já bọ́ lára rẹ̀ sórí páìpù gígùn. Ṣìììì! Ó gbẹ kí n tó ṣẹ́jú.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kán òmíràn sí i. Ṣìììì!

Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń bá páìpù yẹn jà pé ó gbóná jù. Mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa fi lé ooru náà dànù, àṣé ohun tí mo nílò ni!

"Ta ló ní èédú?" mo kígbe. "Èédú nìkan ni mo máa kọ́kọ́ sun. Kò ní omi nínú. Páìpù á gbóná, páìpù á gbẹ pàǹtí!"

Olúfọlákẹ́ wọ́ ààbọ̀ àpò èédú jáde. "Ẹ máa kọ orúkọ mi sára irin yẹn o, Bọ̀dá."

Mo kó pàǹtí tútù inú ìléru jáde, mo da èédú sí i, mo to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù gígùn náà, mo tẹ́ páànù àlòkù lé wọn lórí. Kí n tó ṣàlàyé tán, Ìyá Nafeesah ti so gèlè mọ́ ìdí.

"Ẹ má kó o jọ gègèrè! Ẹ fọ́n ọn ká. Ẹ máa yí i, ẹ máa yí i! Bí ìyá mi ṣe ń gbẹ èlùbọ́ lórí ààrò lásìkò òjò nìyí. Ọ̀rá ò gbọdọ̀ dé orí páànù o, á yọ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sá a sórí okùn."

Kò pẹ́ tí okùn aṣọ wa fi kún fún ọ̀rá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Lórí páànù, ooru omi ń gbéra. Ìyá Nafeesah mú èèpo kan, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka. "Tó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ. Tó bá ṣẹ́, ó ti ṣe tán."

Ìwé mi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kù lára igi tó. Mo wá ẹ̀rọ náà títí, n kò rí i rà. Obìnrin yìí ní in ní ìka ọwọ́.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, èèpo ń ṣẹ́ lórí gbogbo páànù. Mo bù ú sínú ìléru díẹ̀díẹ̀. Èéfín kọ́kọ́ funfun, ó fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Mo ṣáná.

Fùú! Iná dìde. Búlúù ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí lójú ọ̀sán, àfi bí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń mì bíi pé inú omi ló wà.

"Ó gbà á!" Olúfọlákẹ́ fò sókè. "Ó gbà á o!"

Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Gáàsì pọ̀ jù, atẹ́gùn kéré. Mo yí ẹnu ẹ̀rọ omi àlòkù tí mo fi ń bu atẹ́gùn sí i, díẹ̀ báyìí, mo sì tún fà á. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wá dún, ó sì ń dún lọ! Mo tan pọ́ǹpù. Gbogbo wa gbójú sókè sí ẹnu páìpù táńkì. Ó kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn, ó pọ omi pupa, lẹ́yìn náà omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gbàgbà sínú táńkì. Ariwo àwọn obìnrin náà pọ̀ débi pé a kò tètè gbọ́ ìpè ìrun.

Àlàájì jáde, búta lọ́wọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ ìdí táńkì, ó bomi, ó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá, kò sì kánjú. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́ ojú, títí dé ẹsẹ̀. A dúró, a ń wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ó wo ìléru, ó wo páànù, ó wò mí. Ó sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ.

"Ṣé ó gbà ni àbí kò gbà?" Ìyá Nafeesah bi mí.

Mo ń bu pàǹtí sí iná lọ. Táńkì ti kún dé ààbọ̀ nígbà tí Àlàájì padà dé. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá gbé ọ̀rá dúdú kan jáde, ó fi í lélẹ̀ níwájú mi.

"Tèmi rèé," ó ní. "Mi ò fọ̀ ọ́ o. Kí o sì fi páànù bo ibi yìí lókè, òjò ń bọ̀."

Mo tú ọ̀rá náà. Mo mú èèpo iṣu kan nínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka bí Ìyá Nafeesah ṣe ṣe.

Ó ṣẹ́.