Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Ó Dín Ẹyọ Kan

Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ lẹ́nu Tíṣà Akínwándé ju ẹ̀kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ló háyà ní Iba, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìdánwò àṣejáde. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1988, ó kọ 359,999 sójú pátákó. Ó ní nọ́ńbà náà dá wà bí ọba, pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Títílọpẹ́ nawọ́, ó ní bóyá kí àwọn dán an wò sí i. Tíṣà ní àfojúdi nìyẹn. Ó fagi lé orúkọ ọmọ náà nínú ìwé àwọn tí yóò ṣe ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni ìwé ọ̀hún ń lọ.

Àwẹ̀ró, ìyá Títílọpẹ́, tó ń ta àgbọn ní Ajangbadi, kò jókòó nílé ìwé rí. Nírọ̀lẹ́, Tíṣà yà ra àgbọn, tòun ti ìwé orúkọ lábíyá. Àwẹ̀ró bi í ohun tí ọmọ òun ṣe.

“Ìyá Títí, ẹ má bínú. Mo pín nọ́ńbà yẹn títí ó fi rẹ̀ mí. Àràmàǹdà ni, òpó ìmọ̀ ni…”

“Ẹ fi òpó sílẹ̀. Ẹ pè é ní Yorùbá.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dé orí ọ̀kẹ́, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ó há síbẹ̀.

“Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ó dín ẹyọ kan,” ni Títílọpẹ́ wí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Àwẹ̀ró to àgbọn sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́fà mẹ́fà. Ó mú ẹyọ kan kúrò nínú ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá kó márùn-ún tó kù níbẹ̀, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ẹsẹ̀ márùn-ún yòókù. Ó di méje méje.

“Ó dọ́gba àbí kò dọ́gba?”

“Ó dọ́gba, mà. Ṣùgbọ́n àgbọn márùndínlógójì péré nìyí.”

“Igba lọ́nà igba, ọ̀kẹ́ méjì. Ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ìyẹn: ọ̀kẹ́ méjìdínlógún. Ẹ mú ẹyọ kan kúrò, kẹ́ ẹ ṣe bí mo ti ṣe. Ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀ta ó dín kan, ẹgbẹ̀ta ó lé kan nínú ìkọ̀ọ̀kan.”

Tíṣà yọ bírò. Ó kọ 599, ó kọ 601, ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Òógùn bò ó nímú. 359,999 jókòó sísàlẹ̀ ìwé, ó ń wò ó.

“Níbo lẹ pín in dé kó tó rẹ̀ yín?”

“Fáìfù họ́ńdírẹ̀dì.”

“Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ délé, lẹ bá sùn sọ́nà.”

“Mo kàn fi ń dán wọn wò ni, mà.”

“Ó dáa. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi.”

Ó kọ ọ́. Àwẹ̀ró ní kí Títílọpẹ́ kà á sókè, ọmọ kà á. Tíṣà bá nawọ́ sí àgbọn kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ mú òmíràn,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ìyẹn ló ṣiṣẹ́ tíṣà lónìí.”